Adúmáadán Ọgbà Olómi

Wọ́n ní káfíńtà tó ń gbé ilé kẹta sí tèmi ti di oníṣekúṣe lọ́jọ́ ogbó. Wọ́n ní obìnrin mẹ́ta ló ń bẹ̀ wò káàkiri ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan arúgbó. Irọ́ ni o. Mẹ́ta kọ́, mọ́kànlá ni wọ́n, ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní. Bẹ́ńṣì ni wọ́n. Ẹnu ìyàwó rẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, òun ló sì fẹ́ẹ́ torí ẹ̀ kó jáde nílé.

Ọdún méjìdínlógójì ni ọkùnrin náà fi kan àga àti tábìlì. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òòlù ń wá ìṣó tì, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wálé wá jókòó. Àṣé iṣẹ́ ni ìjókòó ọkùnrin nínú ilé jẹ́ fún obìnrin. Bí ìyàwó bá ń dáná, yóò ní ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ti wọ́. Bó bá ń lọṣọ, yóò ní tábìlì ìlọṣọ ń fì. Alágbàfọ̀ sì ni ìyàwó, aṣọ oníbàárà kún ilé dé àjà, kò ráyè tábìlì tó ń fì. Níjọ́ kan ló rọra sọ fún un pé, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa nasẹ̀ jáde. Atẹ́gùn dáa fún àgbà."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di arìnkiri nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ìlú ńlá ni ìlú tiwa yìí wà, kò tóbi, ṣùgbọ́n ọgbà ibẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù lọ: èyí tó ní adágún àti pẹ́pẹ́yẹ, èyí tó wà níwájú ilé ìkàwé, èyí tó wà lórí òkè, àti àwọn wẹ́wẹ́ mìíràn. Ẹlòmíì dé ibẹ̀, òdòdó ni yóò wò. Káfíńtà ò wo òdòdó. Kò lè fìdí kan bẹ́ńṣì láìkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Yóò kàn án lẹ́sẹ̀, yóò tì í lẹ́yìn, yóò fa pẹ́ńsù yọ létí, yóò kọ ohun tó rí sínú ìwé pélébé kan. Tí ẹ bá sì mọ àwọn káfíńtà, àga ò yàtọ̀ sí èèyàn lẹ́nu wọn: ó lẹ́sẹ̀, ó lápá, ó lẹ́yìn. Tiẹ̀ tún wá le jù, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìnagijẹ.

Ọjọ́ Ajé kan ni ìyàwó ń tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ kó tó rì í sómi, lọwọ́ ẹ̀ bá ba ìwé. Ojú rẹ̀ ò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, ló bá na ìwé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wá kí i. Ìyẹn wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè:

"Adúmáadán, ọgbà olómi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ẹ̀yìn rẹ̀ gbà mí mọ́ra. Mo sùn lọ níbẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, iwájú ilé ìkàwé. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n kò gba èèyàn méjì. Arúgbó-ṣoge-rí, orí òkè. Ọ̀dà ni wọ́n fi bo àṣírí rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án lábẹ́, ó ké."

Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò. Ó ní òun ò ka èyí tó kù, ẹnu òun ò lè gbé e. Ẹnu tí kò lè gbé e yìí náà ló gbé e dé ìparí àdúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyàwó ò pariwo. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nílé ọkọ kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní Ọjọ́bọ̀ lòun ń bá ẹ̀gbọ́n òun lọ, òun ò sì ní padà, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ fojú kan Adúmáadán. Bí òun bá máa fi ọkọ sílẹ̀ fún èèyàn, ó yẹ kí òun mọ ẹni náà.

Lọ́jọ́bọ̀, káfíńtà jáde, ìyàwó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó fa ìborùn dé ìpéǹpéjú. Obìnrin tí kò rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ṣẹ láti ọdún mẹ́wàá wá ń sá pamọ́ láti ẹ̀yìn igi kan bọ́ sí ẹ̀yìn òmíràn. Ajá kan gbọ́ òórùn ọṣẹ lára rẹ̀, ló bá ń tẹ̀ lé e, ìyàwó sì ń fọwọ́ lé e kó má baà tú àṣírí òun. Wọ́n dé ọgbà olómi. Lóòótọ́ ni obìnrin dúdú kan jókòó lẹ́bàá adágún, ara rẹ̀ ń dán yinrinyinrin, ó ń hun súwẹ́tà. Ìyàwó di igi mú.

Káfíńtà ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde díẹ̀, kí n lè rí ìdí Adúmáadán."

Obìnrin náà gbé abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sókè. "Bàbá, ìdí ta ni?"

Kó tó dáhùn, ìyàwó ti yọ. "Bàbá wọn, òun nìyí?"

Inú ọkọ dùn. Ó ní, "Ìyá wọn, o dé? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ mú ọ wá mọ̀ ọ́n."

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Káfíńtà ti kúnlẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń fi ìka kan irin dúdú tó wà lábẹ́ bẹ́ńṣì, kó, kó, kó. Ó ní kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sí ìpẹtà kankan níbẹ̀, ẹni tó rọ ẹsẹ̀ yìí mọṣẹ́.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. "Bẹ́ńṣì ni Adúmáadán?"

"Kí lo rò tẹ́lẹ̀?"

Kò tíì sọ ohun tó rò fún un dòní. Aláhunsúwẹ́tà rẹ́rìn-ín títí òwú fi bọ́ nítan rẹ̀, ó sún, ó ní kí ìyá wá jókòó. Ìyàwó jókòó. Ẹ̀yìn tó ti ń ro ó láti ọjọ́ tó ti ń bẹ̀rẹ̀ fọṣọ bọ́ síbi tí bẹ́ńṣì náà ti tẹ̀ díẹ̀, ló bá fara tì í. Ó ní òun fẹ́ rí mẹ́wàá tó kù, kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì má lọ wà láàrin wọn.

Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wọkọ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni tọkọtaya fi rìn ín tán, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ń kùn pé aṣọ àwọn ń pẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń so okùn bàtà, mo bi í bóyá mọ́kànlá náà ṣì ni. Ó ní rárá o, àwọn ti rí ìkejìlá lẹ́yìn ibi ìṣeré ọmọdé, ọkọ òun sì ní kí òun sọ ọ́ lórúkọ.

"Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fún un," ló wí. "Kí èèyàn tó fìdí kàn án, ó ti ké dé ìta. Má sọ fún un o."