Ata Tí Ò Jẹ́ Kí Rasheedat Dé Agboyi

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa n'Ìkòsí, tí ẹ rí obìnrin tó ń wo sánmà ju bó ṣe ń wo ọ̀nà lọ, Rasheedat nìyẹn. Tòmátò, tàtàṣé àti ilá ló ń sá gbẹ lẹ́yìnkùlé, tí Shittu ọkọ rẹ̀ ń gbé lọ tà ní Mile 12. Ẹ lè pè é níṣẹ́ ìrọ̀rùn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò! Tòmátò tí ò tíì gbẹ tán kò mọ̀ pé ènìyàn ní ìyá tó fẹ́ lọ kí. Bí òjò bá kán sí i, bíbu ló máa bu.

Ìyá rẹ̀ wà ní Agboyi, ní òdìkejì omi. Ojú màmá ń ṣú lọ. “Wá kí n rí ẹ kí ojú yìí tó fọ́ tán,” ni wọ́n ń tẹnu mọ́ lórí fóònù. Kò jìnnà, kò sì ṣeé lọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí Rasheedat fi ata sílẹ̀ fún Aunty Helen ará ilé wọn, oorun gbé Aunty lọ, òjò sì gbá ata lọ. Ẹnikẹ́ni ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, síbẹ̀ ó ti dẹlẹ́wọ̀n.

Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ ọkọ rẹ̀. “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra machine tó ń fi iná mú ata gbẹ yẹn, kí n lè ráyè lọ wo Màámi.”

Shittu kì í ṣèèyàn burúkú, ó rà á. Rasheedat jó. Ó kó gbogbo páànù tó fi ń sá ata, ó tà wọ́n fáwọn tó ń ra irin.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Oòrùn ṣáà ń yọ láràárọ̀. Iná n'Ìkòsí ńkọ́, ta ló mọ ìgbà tó ń bọ̀? Bó bá lọ lójijì, tòmátò á kan sínú ẹ̀rọ. Bó bá dé, àfi kéèyàn wà nílé.

Lọ́jọ́ Sátidé, iná ò sí látàná. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò tí Shittu gbé wọlé ti ń rọ̀. Rasheedat ní kó yáa bàjẹ́. Ó wọ híjáàbù, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, ó gbé fóònù sétí.

“Màámi, mo ti ń bọ̀ o! Kò sóhun tó máa dá mi dúró lónìí.”

Ṣàdédé ni iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè: “Up NEPA!”

“Kí ni wọ́n ń pariwo sí, ọmọ mi?”

“Iná ló dé, Màámi.”

Màmá ní: “Ó dáa. Lọ tọ́jú tòmátò ẹ.”

Rasheedat bọ́ bàtà.