Ìtàkùn Inú Ìgò Ìyá Ìbejì

Òórùn omi tó ti pẹ́ nínú ìgò, òórùn bíi ti etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá wọ pálọ̀ wa ní Isuada nígbà tí ìyàwó mi wà láyé. Ìgò ló kún ojú fèrèsé bámúbámú: ìgò ẹlẹ́rìndòdò, ìgò oògùn ikọ́, ike bọ́tà tí ìyàwó mi gé lórí. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ki ọ̀pá ìtàkùn fúláwà kan bọ̀, èyí tí ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á, tí ìlà wẹ́wẹ́ tó funfun bí ògì sì wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Ilé-ìwé kò mọ̀ mí dáadáa, àárín prámárì ni mo ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Isuada títí dé Uso, kò sí àgbẹ̀ tó lè kò mí lójú bó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ohun tí mo bá fi sínú ilẹ̀, dandan ni kó hù. Àwọn tó kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ gan-an ń wá wo ebè mi. Nítorí náà, bí mo bá rí ìyàwó mi, ọmọ Àkókó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ọ̀wọ̀, tó ń pààrọ̀ omi fún ewé tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

"Ìyá Ìbejì, ìgbà wo la máa kórè ọbẹ̀ nínú ìgò yìí?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ fi mí sílẹ̀ o jàre. Ilẹ̀ nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ò rí gbòǹgbò rí, àfi ìgbà tí ẹ bá fà á tu."

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni àìsàn inú kan kọlu ìyàwó mi. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù kan l'Ọ̀wọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi, ìgò rẹ̀ ni. Ó ní kí n gé ọ̀pá tuntun lára èyí tó gùn jù, kí n fi sómi, pé kó tó yọ gbòǹgbò, òun náà á ti dìde, òun á sì gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà. Ó sọ ọ́ bí eré, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ṣeré. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ gbòǹgbò yìí wọ̀ mí lára ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ.

Èmi tí mo mọṣẹ́, mo gé e bí a ti ń gé igi ẹ̀gẹ́, mo dì í, mo gbé e sábẹ́ igi obì kó sinmi, kí oje rẹ̀ gbẹ kó tó wọ omi. Igi ẹ̀gẹ́ tó bá sinmi lábẹ́ ibòji dáadáa ló ń hù bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, ó ti rọ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Mo ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di inú mú.

"Ẹ gbé e sábẹ́ igi? Háà, Bàbá Ìbejì, ẹ̀gẹ́ kọ́ o! Bí ẹ bá ti gé e, omi kíá. Kí oríkèé wọ omi, kí ewé má wọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín rẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn.

Mo gé òmíràn, mo sì gbé ìgò náà lọ bá a létí bẹ́ẹ̀dì, kó lè máa fojú ara rẹ̀ wò ó.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ṣé oko lẹ fẹ́ dá sí wọ́ọ̀dù wa ni?"

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ lọ béèrè mi ní Isuada. Ohun tí mo bá gbìn kì í kú."

Ó mi orí, ó sún àwo oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìgò lè rí àyè. Láràárọ̀ ni mo ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ìyàwó mi kò lókun àtisọ̀rọ̀ mọ́, ìgò náà ló ń wò. Nígbà tó yá, ohun funfun kan yọ lára oríkèé bí òwú. Ó fi orí ìka kan ìgò náà. "Ó ti dé," ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń mí lọ. Mo fọ́nnu yí wọ́ọ̀dù ká lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí, àìsàn ti lọ.

Gbòǹgbò náà kò tíì gùn tó igi ìṣáná tí ìyàwó mi fi kú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti Àkókó wá ló bá mi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó da omi inú ife gba ojú fèrèsé síta, ó da ti kẹ́tùlù, ó wá na ọwọ́ sí ìgò.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù."

"Ọkọ wa, nílé tiwa, omi tó bá wà nínú yàrá tí èèyàn kú sí, dídà là ń dà á. Kì í bá wa délé."

"Ẹ da omi, Àǹtí. Ẹ fún mi ní ìtàkùn."

Ó rọra da omi náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìtàkùn kí gbòǹgbò má baà já, ó gbé e fún mi. Mo fi aṣọ ìnujú tútù wé e, mo sì gbé e lé itan títí a fi dé Isuada.

Ó wà lójú fèrèsé di òní. Gbòǹgbò rẹ̀ ti kún ìgò, ó lọ́ mọ́ra bí irun. Bí àwọn ìbejì bá wálé, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ gbìn ín sílẹ̀ nísinsìnyí, ṣebí ẹ̀yin ni ọ̀gá àgbẹ̀." Ọ̀gá náà ni mí, ẹ lọ wo oko mi lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n mo kàn ń pààrọ̀ omi rẹ̀ ni, mo ń gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo ń wo gbòǹgbò tí ìyàwó mi ní n kò rí rí. Gbogbo ohun tí mo ti fi sínú ilẹ̀ láyé mi ló padà hù, àfi ẹnì kan tí mo fọwọ́ ara mi bu yẹ̀pẹ̀ lé.