Àwọn Olórin Rọ́ọ̀kì Ìyá Àgbà Mi

"Dákẹ́! Dákẹ́, kí o gbọ́ ibi tó ti mí!"

Ìyá Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èmi nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá, n kò tilẹ̀ lanu sọ̀rọ̀. Amọ̀ ti bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ti tẹ́ amọ̀ lé ìdí ìkòkò kan tó dojú dé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, pà, pà, pà, àfi bó ṣe dáwọ́ dúró lójijì, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó dijú. Lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ń pariwo débi pé òun fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n. Jìtá ń han bí ayùn tó ń la pákó. Ọkùnrin kan wà láàárín ariwo yẹn, ó ń kọrin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yá ó dánu dúró, mo sì gbọ́ ọ: ó fa èémí sínú, díẹ̀ báyìí, kó tó tún ju ohùn sókè.

"O gbọ́ ọ?"

Mo mi orí pé mo gbọ́.

"Ibẹ̀ ni orin wà. Àwọn tí ò mọ̀ rò pé ibi ariwo ni."

Ló bá tún da ọwọ́ padà sínú amọ̀. Àgbàlá náà ń rùn fún amọ̀ tútù, fún èéfín koríko tí wọ́n fi sun ìkòkò lánàá, àti fún omi èèpo irúgbá tí wọ́n máa ń wọ́n sára ìkòkò gbígbóná kó lè dán. Òórùn náà korò, ó sì ń ta sánsán.

Amọ̀kòkò ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Òkèlele ní Ìlọrin ló ń gbé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò lè rántí. Àdúgbò Ṣàngó ni ilé tiwa wà, bàbá mi sì ń ta bàtà ní Ọjà Tuntun. Ṣùgbọ́n ilé-kéú tí wọ́n fi mí sí kò jìnnà sí Ìyá Àgbà, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wà lópin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi. Kéú láàárọ̀, amọ̀ àti rọ́ọ̀kì lọ́sàn-án.

Àbúrò bàbá mi, àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, ló kó orin rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó wọlé. Ìlú Jọ́ọ̀sì ló ti kàwé, ibẹ̀ ló sì ti kó kásẹ́ẹ̀tì dé, àpò kan gbáko. Nígbà tó ríṣẹ́ sí Kàdúná, ó fi rédíò àti àpò náà sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní kó máa fi gbọ́ wáàsí. Ìyá Àgbà gbọ́ wáàsí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó ki kásẹ́ẹ̀tì mìíràn bọ̀ ọ́, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń mú ọmọ òun mi orí bí aláǹgbá. Ó gbọ́ ojú kìíní tán, ó yí i sí ojú kejì. Bó ṣe di tirẹ̀ nìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò ju "gúdù mọ́nìn" lọ, kò sì mọ orúkọ olórin kankan. Ló bá fún wọn lórúkọ fúnra rẹ̀, bí ohùn kálukú bá ṣe rí.

Oníyanrìn ni ààyò rẹ̀. Ohùn ọkùnrin yìí há, ó ń họni létí, bí ẹni tó fi gbogbo òru sunkún. "Ohùn ẹ̀ ti sán," Ìyá Àgbà á wí, "ó sì mọ̀ pé ó sán. Kò bò ó. Bó ṣe wà ló ṣe ń kó o fún ẹ. Ẹni tó bá ń tọ́jú ohùn ẹ̀ bí aṣọ iléyá ò lè pa èèyàn lẹ́kún láéláé."

Obìnrin kan wà tó ń pè ní Iná-ń-jó, nítorí pé bó bá ti ké, wàá fẹ́ sá jáde nínú ilé. Mo rò pé ariwo lásán ni tirẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí n tún etí mi ṣí. "Ó ti mọ ibi tó máa balẹ̀ sí kó tó fò. Tẹ́tí sí i dáadáa."

Agòkè ló kù. Ìyẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọmọ tó ń kí àgbà, á wá máa gòkè, á máa gòkè, títí àyà á fi máa já ọ pé ó máa já bọ́. Kì í já bọ́. Òun ni àbúrò bàbá mi fẹ́ràn jù, gbogbo ìgbà tó bá sì wálé ni wọ́n máa ń jà lé e lórí.

"Ìyá, kò sẹ́ni tó lè gun ibi tí bàbá yẹn gùn."

"Ó ga lóòótọ́. Ọ̀pẹ náà ga. Ṣùgbọ́n Oníyanrìn ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

Aládùúgbò Ìyá Àgbà kan, tí òun náà jẹ́ amọ̀kòkò, wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di etí. "Ẹ̀yin Alhaja! Ṣé orin kèfèrí lẹ wá ń gbọ́ lọ́jọ́ ogbó?"

"Èmi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, kí n má purọ́. Ohùn ni mò ń gbọ́. Ta ló dá ohùn?"

"Ọlọ́run ni."

"Ó dáa náà. Ẹ jókòó."

Obìnrin náà jókòó. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló ń béèrè pé Iná-ń-jó ń kọ́. Bí wọ́n bá sì ti pe ìrun Àsárì, Ìyá Àgbà á pa rédíò, àwọn méjèèjì á lọ ṣe àlùwàlá.

Èmi, akólòlò ni mí. Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ máa ń sín mi jẹ. Ìyẹn kò dùn mí tó ti àwọn àgbà tó fẹ́ràn mi. Àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á bá mi parí ọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sì fi ń parí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ wí. Mo ti jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ tí mo fẹ́ jẹ ẹ̀bà, nítorí pé n kò tíì kọjá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bù ú fún mi. Ìyá Àgbà nìkan ni kì í bá mi parí ọ̀rọ̀. Á máa gbá amọ̀ rẹ̀ lọ, á máa wò mí, títí ọ̀rọ̀ á fi dé. Ohun kan ṣoṣo tó ń ya gbogbo wọn lẹ́nu ni pé bí mo bá ń ké Kùránì, ahọ́n mi kì í há rárá. Á máa ṣàn bí omi ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni kì í ṣàn, pàápàá orúkọ mi. K ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, kò sì sí lẹ́tà tó burú lọ́fun mi bíi K.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ rédíò tí a ò gbọ́ rí. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń kọrin níwájú èrò, à ń gbọ́ ariwo wọn. Ó dé orí ọ̀rọ̀ kan, ẹnu rẹ̀ há. Ó pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó tún un pè, ó tún un pè, kí ọ̀rọ̀ náà tó já.

"Ì-Ìyá Àgbà, ká-ká-kásẹ́ẹ̀tì ti bà jẹ́."

Ó nu ọwọ́, ó dá a padà sẹ́yìn, a tún gbọ́ ọ. Ibì kan náà ni. Ìlù dúró dè é, jìtá dúró dè é. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Akólòlò ni! Wàláhì, akólòlò lọmọ yìí! Gbọ́ àwọn èrò yẹn. Ṣé wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Wọ́n ń dúró dè é ni! Kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sáré."

Mo gbọ́ orin náà títí òòrùn fi wọ̀. Inú mi ń dùn bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ nílùú àjèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò bàbá mi wálé, ó ní ọkùnrin náà kì í ṣe akólòlò, ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é kí orin lè dùn ni. Ojú mi wálẹ̀. Ìyá Àgbà fà mí mọ́ra, amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi láṣọ.

"Ìyẹn ló tiẹ̀ dáa jù. Ẹni tí kò ní in wò ó, ó rí i pé ó dára, ó yá a lò. Ìwọ tó ni ín ń kọ́?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni wòlímọ̀ mi dé, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣayẹyẹ pé ọmọ ti ka Kùránì tán. Àfáà wa ní òfin kan: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ké tirẹ̀, á kọ́kọ́ dìde níwájú gbogbo ènìyàn, á dárúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Bàbá mi ò fẹ́ kí ojú tì mí. Ó wá bá Ìyá Àgbà nínú àgbàlá.

"Ìyá, mo ti bá Àfáà sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á bá a dárúkọ, òun á kàn ké tiẹ̀."

"Á bá ta dárúkọ?"

"Ìyá, ẹ mọ bí ẹnu ẹ̀ ṣe rí. Gbogbo ẹbí ló ń bọ̀."

"Ọjọ́ tí mo bí ẹ," Ìyá Àgbà wí, "ta ló bá ẹ ké?"

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, kí lo fẹ́?"

Àwọn méjèèjì dúró. Ó pẹ́. "Mo f-f-fẹ́ pè é fú-fúnra mi."

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn."

Láti ìgbà náà, àgbàlá amọ̀kòkò di ibi tí mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa pe orúkọ ara mi. Ìyá Àgbà kò kọ́ mi pé kí n má kólòlò. Ó ní kí n kọ́kọ́ mí bí Oníyanrìn ṣe ń mí, kí n mọ ibi tí màá balẹ̀ sí bíi ti Iná-ń-jó, kí n má sáré, bíi ti Agòkè. Bí K bá sì há, kí n má bá a jà. "Jẹ́ kó lu ilẹ̀kùn. Á ṣí." Màá dìde láàárín àwọn ìkòkò tútù, màá pè é. Nígbà mìíràn ó jáde. Nígbà mìíràn ẹkún ló jáde dípò rẹ̀, á sì ní kí n lọ pọn omi wá, ká tún un ṣe.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀ náà, ilé-kéú kún dẹ́nu ọ̀nà. Túràrí ń rùn, ìrẹsì ń hó lẹ́yìn ilé, àwa ọmọ wọ funfun. Ó kàn mí. Mo dìde, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu.

"Orúkọ mi ni—"

Ó há. Mo gbọ́ tí ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Mo rí bàbá mi tó wolẹ̀. Àfáà tẹ̀ sítòsí, ó fẹ́ bá mi pè é, èmi ọmọdé yìí sì na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Àfáà dúró. Mo wo ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ìyá Àgbà ti gbé àgbọ̀n sókè, ó ti dijú. Bó ṣe ń gbọ́ àwọn olórin rẹ̀ ló ṣe ń gbọ́ mi.

Mo mí. Gbogbo ènìyàn gbọ́ èémí náà nínú ẹ̀rọ. Mo wá jẹ́ kí K lu ilẹ̀kùn, ketekete, pẹ̀lú ohùn gíga, láì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó lù ú, ó tún un lù, ilẹ̀kùn ṣí, orúkọ mi jáde lódindi, ó kún ilé, ó dé òpópónà. Mo dárúkọ bàbá mi. Inú mi dùn débi pé mo dárúkọ bàbá bàbá mi tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ayọ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ké, ó sì ṣàn. Nígbà tí mo parí, "Allahu Akbar!" gba ilé kan. Bàbá mi ń fi apá agbádá nu ojú. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń pariwo bí ẹni pé olórin ló wá wò.

Ìyá Àgbà la èrò kọjá, ó dì mí mú ní èjìká. "Mo ti rí ẹni tó ju Oníyanrìn lọ," ó wí.

Ó ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ báyìí. Mo ti mọ orúkọ tòótọ́ àwọn olórin yẹn, gbogbo wọn wà lórí fóònù mi, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó sọ wọ́n ni mo ṣì ń pè wọ́n. Lọ́yà ni mí ní Ìlọrin, mo ṣì ń kólòlò. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ́yà tó bá dìde ní kóòtù ni pé kó dárúkọ ara rẹ̀ fún adájọ́. Tèmi máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Kóòtù á pa rọ́rọ́, akọ̀wé á gbé bírò dúró, lọ́yà ẹnìkejì á máa wo ìwé tí kò kà. Èmi á mí, màá sì pè é. Ọ̀pọ̀ àárọ̀, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, èmi ti borí.