Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ Gbé Ọmọ Rẹ̀

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà sọ onígbàjámọ̀ yìí, nítorí kò gé ẹnikẹ́ni létí rí. Ọmọ aṣọ́nà ilé-iṣẹ́ kan ni. Ẹ wo bàbá náà lẹ́nu iṣẹ́: a máa tẹrí ba fún gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé, títí kan èyí tó ń kó ìdọ̀tí. Tó bá délé tán, ó di kìnnìún lórí ọmọ tí kò tíì ga tó tábìlì. Wáyà iná ló fi ń nà án. Bí ọmọ bá sì sunkún, a tún nà án nítorí ẹkún náà. Akọni ọkùnrin!

Nígbà tí ìyàwó Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bímọ obìnrin, ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ gbé e. Ó ní ọwọ́ òun ń ba òun lẹ́rù, pé ọwọ́ bàbá òun gan-an ni.

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. "Ọwọ́ tí àwọn èèyàn ń gbé orí fún látàárọ̀ dalẹ́? Jọ̀ọ́, gba ọmọ ẹ." Ó gbé ọmọ lé e láyà, ó bá tiẹ̀ lọ sí balùwẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń gbé ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí.

Ibẹ̀ ni bàbá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bá wọn lọ́jọ́ kan. Ó ti fẹ̀yìn tì, kò rí ọkọ̀ tẹrí ba fún mọ́. Ó jókòó kí wọ́n gé irun òun, ó sì ń fọ́nnu fún àwọn oníbàárà tó kù: "Ẹ ò rí i bó ṣe yanjú? Ẹgba mi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ dèèyàn."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń gé irun lọ. Kílípà ti dé àárín orí nígbà tí ọmọ figbe ta.

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá wí. "Ó máa rẹ̀ ẹ́. Tí kò bá rẹ̀ ẹ́, gbá a létí."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ pa kílípà. Ó gbé ọmọ, ó po mílíìkì, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń kọrin sí i létí. Bàbá wà lórí àga, apá kan orí rẹ̀ ń dán, apá kejì rí bíi búrọ́ọ̀ṣì àlòkù.

"Ṣé báyìí ni mo ṣe máa wà ni?"

"Ẹ ní sùúrù, sà. Ẹni tó kéré jù la kọ́kọ́ ń dá lóhùn níbí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá já aṣọ ọrùn rẹ̀ kúrò, ó de fìlà, ó jáde. Ọmọ ń mu mílíìkì rẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin dé. "Bàbá ẹ ní kó o wá bẹ òun."

"Ẹ bá mi kí wọn, Mọ́mì. Ojoojúmọ́ là ń ṣí. Kí wọ́n wá tò bíi tàwọn yòókù."

"Bàbá tó bí ẹ lọ́mọ!"

"Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni mo ń sọ. Èyí tí mo bí ń sùn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."