Ohùn Mi Nínú Rédíò, Àbúrò Mi Nínú Yàrá

Àwa mẹ́rin péré la dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nínú ìjọ wa ní Port Harcourt lọ́dún 1969, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti gba ìlú lọ́wọ́ Biafra, tí àwa òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ Yorùbá sì ti dé. Ogun ti da ọ̀pọ̀ èèyàn lórí rú. Obìnrin kan wà tó ń gbálẹ̀ ọjà Creek Road láti àárọ̀ dalẹ́, tó ní àwọn ọmọ òun ń bọ̀ lọ́nà. Pásítọ̀ wa ló ní ká máa fi rédíò bá àwọn tó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé sọ̀rọ̀. Wọ́n fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Èmi, akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù, ni wọ́n ní ohùn mi tutù, ni mo bá ń ka ìkìlọ̀ wa ní píjìn: "No lock am for house. No tie am. Carry am go hospital."

Lẹ́tà ìdúpẹ́ ń wọlé, mo sì ń gbéra ga díẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ ò mọ̀ ni pé àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ mi. Sójà ni. Láti ìgbà tó ti ojú ogun dé ló ti ń gbọ́ ìró ìbọn níbi tí kò sí ìbọn. Mo kọ̀wé sí bàbá wa. Bàbá fèsì pé àwọn tó fẹ́ fẹ́ àbúrò wa obìnrin ti ń wádìí ìdílé wa. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é: tí wọ́n bá gbọ́ pé wèrè wà nínú ẹbí, ìgbéyàwó ti dàrú nìyẹn. "Fi í pamọ́ títí a ó fi ṣe ìdána. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Mo gbọ́ràn. Tí mo bá ń jáde, mo máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti òde, mo sì máa ń tan rédíò fún un kí ilé má baà dákẹ́ jù. Irú òmùgọ̀ wo ni mí?

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo ti ilé rédíò dé, mo bá fèrèsé rẹ̀ ní fífọ́. Aládùúgbò mi, ìyá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Ikwerre, dúró síbẹ̀, ó ń sunkún.

"Auntie, as you dey talk for radio, e dey knock door dey call me. E say, 'Mama, my sister say make I go hospital. Abeg open.' I no get key."

Ọ̀nà ọsibítù ló gbà lóòótọ́. Àwọn sójà tó ń ṣọ́ títì ní kó dúró, ẹ̀rù bà á, ó sáré. Wọ́n yìnbọn pa á.

Ìdána wáyé. Bàbá sọ fún àwọn àna pé ogun ló pa á, wọ́n sì bá wa kẹ́dùn.

Kò pẹ́ púpọ̀, lẹ́tà dé sí ẹgbẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo kà ní rédíò lọ́jọ́ yẹn ti mú kí ìyá kan tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kí n jọ̀ọ́ tún un kà. Mo tún un kà. Ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù títí dòní.