Orúkọ Àwọn Tó Ṣí Fáìlì Náà

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tọ́jú káàdì aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọ wa ní Òmù-Àrán. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, gbogbo ohun tó wà lórí káàdì wọ inú rẹ̀, a sì tì í mọ́ yàrá mi. Páásíwọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò: nọ́ńbà orin tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀. A yàn án kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó gbàgbé. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó ilé kan láti Agbamu wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ní kó máa wá gba oògùn. Kó tó délé, èsì rẹ̀ ti dé etí ìyá ọkọ rẹ̀. Ó padà wá bá mi, kò pariwo. "Mà, ẹ̀yin ni mo sọ̀rọ̀ mi fún." Kò wá gba oògùn mọ́ láti ọjọ́ náà, oògùn tí ẹni tó ń lò ó kò gbọdọ̀ dá dúró. Mi ò lè sọ ẹni tó wo fáìlì rẹ̀, nítorí orúkọ kan náà ni kọ̀ǹpútà mọ gbogbo wa sí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n pe àwọn oníkọ̀ǹpútà láti Ìlọrin, àwọn yẹn sì gbé ọ̀nà méjì síwájú wọn. Èkíní ni páásíwọ̀dù tuntun àti ilẹ̀kùn irin. Ẹni tó bá ti wọlé, ó ti wọlé. Èkejì ni pé kí kọ̀ǹpútà má ṣe gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kìkì nítorí pé ó wà nínú ilé. Kálukú yóò ní orúkọ tirẹ̀, nọ́ńbà kan yóò wọ orí fóònù rẹ̀ tí yóò tẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kó tó ṣí ohunkóhun, ohun tó kan iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò sì rí. Kọ̀ǹpútà yóò sì máa kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí fáìlì sílẹ̀.

Alàgbà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ilé tí mo fi orí ara mi ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀, kó máa bi mí pé ta ni mí? Ìyá oníkáàdì, ṣé olè ni wá ni?"

N kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Lọ́jọ́ náà, mo dìde. "Rárá o, bàbá. Àmọ́ kí ni kí n sọ fún obìnrin Agbamu? Èkejì ni mo fẹ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí mi."

"Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì àgbà wí.

"A ó mú bébà jáde. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé ìwé kíkọ."

Wọ́n gbà. Kò pẹ́ tí alága fi wá bi mí léèrè èsì àyẹ̀wò ìyàwó rẹ̀. "Sọ fún nọ́ọ̀sì kó ṣí i fún mi."

Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò sì tíì dìde tí mo fi dá a lóhùn. "Ẹ má bínú, bàbá, n kò ní sọ fún nọ́ọ̀sì. Ìyàwó yín ló ni èsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fúnra wọn." Ó lọ pe ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Agbamu.

"Ta ló lè rí i báyìí?" ni obìnrin náà bi mí.

"Dókítà, àti nọ́ọ̀sì tó ń fún ọ lóògùn. Ní tèmi, ọjọ́ tí o máa wá ni mo ń rí, àti orúkọ ẹni tó bá ṣí fáìlì rẹ."

"Alága yín ńkọ́?"

Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un, láìsọ ẹni tó ni èsì. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kúnlẹ̀, ẹ sì kọ̀ fún un?"

"Mo kúnlẹ̀, mo sì kọ̀."

Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kó tó jókòó, mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, ti dókítà àti ti nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà, ó sì kọjá lọ síbi oògùn.