Ènìyàn mélòó ni bàbá ẹ?

Ọ̀wọ̀ bàbá mi ló já mi kulẹ̀ lónìí.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ èdè Jámánì ní Ajah. Ìdánwò ẹnu la ṣe lónìí. Ká ní mo yege ni, ilé-ìwé tó wà lọ́hùn-ún ì bá fún mi ní lẹ́tà tí mo máa fi gba físà, kí n lọ parí èdè náà lọ́dọ̀ wọn.

Orí fóònù la ti ṣe é, ní pálọ̀ wa ní Ṣàngótẹ̀dó. Bàbá mi ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n dé fìlà, wọ́n jókòó tì mí.

Òyìnbó obìnrin tó ń dán mi wò ní, "Sọ fún mi nípa bàbá ẹ."

Mo fi Jámánì dáhùn pé, "Wọ́n ń lẹ táyà."

"Àwọn wo?"

"Bàbá mi."

"Ènìyàn mélòó ni bàbá ẹ?"

Mo mọ ohun tó ń wá. Ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ni, "ó". Wọ́n ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń wò mí lójú. Ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀. Mo tún ní "wọ́n". Láti ibẹ̀, gbogbo Jámánì tó wà lórí mi fò lọ.

Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n tún wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá mi ní, "Kí ni òyìnbó yẹn wí?"

Mo ní ó ní kí n kí wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pe bàbá yín ní "ó"?